Áńpílì Tó Máa Ń Kú Bí Ìkíni Bá Tán

Ọjọ́bọ̀ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí ilẹ̀ yóò fi gba tèmi. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n ká olè mọ́ inú yàrá mi, olè náà sì ni èmi fúnra mi. Àna mi wà níbẹ̀, alàgbà ìjọ aláṣọ funfun kan wà níbẹ̀, obìnrin tó ń ta bẹntiróòlù lẹ́nu ọ̀nà mi sì na ọrùn wọlé láti ojú fèrèsé kí nǹkan kan má bàa fò ó ru. Ohun tí mo jí kò ju ìró kan lọ. Ẹni tó tú àṣírí mi kì í sì í ṣe èèyàn. Áńpílì ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí, torí bí mo bá sọ ọ́ láàbọ̀, ẹ ó rò pé orí mi ti ń yí.

Ìgbà kan wà ní Bantè níbí tó jẹ́ pé ẹni tó bá ní áńpílì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè, nílé, èèyàn ńlá ni. Ọkùnrin kan tó ti Àbíjáǹ dé ló ta tèmi fún mi lọ́dún tí igi kajú oko mi so dáadáa. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, kì í ṣe ike bíi ti òde òní. Bọ́tìnnì ńláńlá mẹ́rin wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń dán bí eyín ọlọ́lá, ó sì wúwo bí ewúrẹ́ tó lóyún ìbejì. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara áńpílì ló ti ń gba iná, bí áńpílì bá kú, òun náà á dúró. Bààfù méjì tí ohùn ń gbà jáde dúró lọ́tùn-ún lósì bí ọlọ́dẹ. Ẹ má bi mí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ kò kọjá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní Faransé tí a fi ń kí ọ̀gá. Èmi àti kuráǹ, iná mànàmáná yìí, kò mọ ara wa ju pé mo ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ. Bí mo bá fẹ́ tan áńpílì, mo máa ń wọ sálúbàtà rọ́bà, màá sì fi ìdí ìgbálẹ̀ ti bọ́tìnnì rẹ̀ láti òkèèrè, bí ẹni tó ń jí ejò lójú oorun.

Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi kò bẹ̀rù rẹ̀. Òun ló ń tàn án, òun ló ń pa á, òun ló ń nù ún. Ọdún kẹta rèé tó ti fi mí sílẹ̀. Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì péré, ilé ẹni méjì di ilé ẹnì kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí rẹ̀ wá pín aṣọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pín in. Mi ò bá wọn jà. Aṣọ obìnrin tó kú, ti ẹbí rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Ṣakí ló jókòó ti ẹrù náà. Ìyá Ṣakí là ń pè é. Bí obìnrin yìí bá wúkọ́, ewúrẹ́ tó sùn máa ń dìde dúró. Ó gbé aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ìró aláwọ̀ ewé ẹlẹ́ja, tí èmi àti Àbẹ̀kẹ́ jọ rà lọ́jọ́ kan náà, dà?"

Wọ́n wá a. Wọ́n tú àpótí, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà bá wọn wá a o! Mo tilẹ̀ gun àga, mo wo orí àjà, mo wúkọ́ nítorí eruku. Ìró náà sì wà níwájú gbogbo wa. Mo ti ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, mo tẹ́ ẹ lé áńpílì lórí bí aṣọ tí wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ, mo gbé òdòdó oníke lé e. Ta ló máa ń wo aṣọ orí áńpílì?

Mi ò kì í ṣe olè tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ṣì wà lára ìró yẹn, òórùn ọṣẹ, òórùn gààrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Mo ní wọn ò lè kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Olè ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mò ń wá iyọ̀ nínú ilé ìdáná, mo ki ọwọ́ sínú agolo kan, mo fa kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ọ̀rá wé jáde. Àbẹ̀kẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀: "Sí ẹ̀gbọ́n mi, Ṣakí." Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní mọ̀ pé láyé ìjọ́un, ẹni tí kò lè kọ lẹ́tà gígùn máa ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ń lọ sí ìlú náà á bá a mú un dání. Àbẹ̀kẹ́ kò fi àṣà yẹn sílẹ̀ kódà nígbà tí fóònù dé. Ó ní kò sí kírédì tí òun fi sínú fóònù tí kì í tán sórí ìkíni, òun kì í tíì débi ọ̀rọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo wà lóko lápá Atokoligbé. Ó ń wá ẹni tó ń lọ sí Ṣakí lọ́wọ́ ni àìsàn dé.

Ohun tó yẹ kí n ṣe hàn gbangba. Mi ò ṣe é. Mo wọ sálúbàtà rọ́bà, mo gbé ìgbálẹ̀, mo tan áńpílì.

Ohùn rẹ̀ jáde. Ọlọ́run ò, ohùn rẹ̀ jáde bí ẹni pé ilé ìdáná ló wà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ kú ìnáwó ọjọ́sí." Lẹ́yìn náà ló wá ń kí àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kí àwọn ọmọ láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn. Ó kí ìyá arúgbó tó ń ta àkàrà lójúde wọn, ó bèèrè orúnkún rẹ̀. Ó kí ayálégbé. Ó kí ajá! Ogún ìṣẹ́jú gbáko ló fi kí wọn. Mo jókòó ti bààfù, omi ń dà lójú mi, mo ń dá a lóhùn: "A dúpẹ́. Wọ́n wà. Ó ti sàn díẹ̀," bí ẹni pé èmi ni Ṣakí.

Nígbà tí ìkíni tán, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ní ti ọkọ mi…"

Kpá! Áńpílì kú.

Òórùn kan tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi iná yan ìyẹ́ adìẹ. Mo fi ọwọ́ kan irin náà, ó gbóná bí ìkòkò ọ̀kà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í wo ilẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde. Sálúbàtà mi kan kù sínú ilé.

Ìyá Ràfíà jókòó níta níbi tó máa ń jókòó sí. Ará Nàìjíríà ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Bantè débi pé èdè Íṣà ẹnu rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Kpayó ló ń tà, bẹntiróòlù inú ìgò tí àwọn ọlọ́kadà máa ń rà.

"Tọ́ńtọ̀n!" Bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbí nìyẹn. "Kí ló lé yín?"

"Kò sí nǹkan. Mo ń gba afẹ́fẹ́ ni."

"Ṣé tẹsẹ̀tẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gba afẹ́fẹ́ lójú fèrèsé?" Ó fi imú fa atẹ́gùn. "Yéè! Nǹkan ń jóná níbẹ̀! Ẹ gbà mí o, kpayó mi!"

Ó gbé tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú ìgò lórí rẹ̀, ó sáré. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ará àdúgbò bá fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń lo áńpílì, tábìlì Ìyá Ràfíà ni wọ́n máa ń wò. Bó bá wà lẹ́nu ọ̀nà mi, àlàáfíà ni. Bó bá ti dé ìdí igi máńgòrò lọ́hùn-ún, a jẹ́ pé Àbẹ̀kẹ́ ń kíni lọ́wọ́.

Mo gbìyànjú rẹ̀ títí. Áńpílì á tutù, màá yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ á kí ajá, á ní, "Ní ti ọkọ mi…" Kpá! Mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí apá mi fi ro. Mo gbé bàsíà omi tútù sábẹ́ tábìlì rẹ̀ kí òtútù lè gòkè. Gbogbo ìgbà yẹn, mi ò mú ìró náà kúrò lórí rẹ̀. Lójú tèmi, ìró yẹn ló ń ràn án lọ́wọ́. Ṣé aṣọ kọ́ la fi ń gbé ìkòkò gbígbóná kúrò lórí ààrò?

Nígbà tó pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá kì í ṣe kuráǹ ló ń bínú. Bóyá Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ kí n gbọ́. Ẹ wò ó, mo mọ ohun tó ń bẹ nínú ikùn mi. Ọdún tó lò gbẹ̀yìn láyé, ó ní òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Ṣakí. Mo ní ọ̀nà ò dáa. Ó tún bẹ̀ mí. Mo ní ọ̀nà ò dáa. Kò lọ. Àwọn méjèèjì kò fojú kan ara wọn mọ́. Kí ni obìnrin yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nípa ọkọ tó ṣe irú èyí? Mo fẹ́ gbọ́ ọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bù lọ́bẹ.

Ni mo bá kúnlẹ̀ níwájú áńpílì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́. Bó jẹ́ èébú ni, bú mi kó tán."

"Tọ́ńtọ̀n, ẹ̀rọ lẹ kúnlẹ̀ fún?" Ojú fèrèsé ni ohùn Ìyá Ràfíà ti wá.

"Súkúrù kan ló jábọ́. Mò ń wá a."

"Súkúrù náà ló ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́?"

Mo ti fèrèsé.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá Ṣakí ni. Kò kí mi pẹ́, ìyẹn nìkan ti tó dẹ́rù ba èèyàn.

"Àna, Àbẹ̀kẹ́ sọ fún mi kó tó lọ pé òun gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi nínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo ti ń retí kí o mẹ́nu bà á. Ọdún mẹ́ta ni mo fi retí. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, áńpílì tí a ó fi gbọ́ ọ kò dáa."

"Tún un ṣe."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di iṣẹ́ fún mi nìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ sọ nípa mi kó tó di pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ. Bó bá burú, ó kéré tán, màá ti mọ ojú tí n ó fi wò ó.

Wọ́n júwe alàgbà kan fún mi ní Savalou tó ń tún rédíò àtijọ́ ṣe, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí bàbá rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Mo ká ìró náà, mo fi í pamọ́ sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa níbí, mo gbé áńpílì lé itan, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wà nínú àpò lẹ́yìn mi. Eruku pupa kùn wá láti Bantè títí dé Savalou. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, itan mi ti kú, mo ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ.

Alàgbà náà ń bá mi sọ Yorùbá bíi ti orí rédíò, ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ èdè Máhì, ó sì ń bá áńpílì sọ Faransé. Kásẹ́ẹ̀tì orin ìjọ wọn ló fi dán an wò, torí mi ò mú ti Àbẹ̀kẹ́ dání. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó bá sọ nípa ọkọ rẹ̀, ṣé ẹ̀bá ọ̀nà Savalou ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ? A jókòó. Orin kan tán, òmíràn bẹ̀rẹ̀. A jẹ ẹ̀wà, a mu omi. Ó na ọwọ́ òsì lé orí áńpílì.

"Bàbá, ẹ̀rọ yín tutù bí omi inú amù."

"Ó máa ń gbóná, Alàgbà. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ó tú u, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ó yọ ọmọńlé gbígbẹ kan jáde, ó ní bóyá òun nìyẹn. Mo dúpẹ́. Mo gbé e padà sílé. Mo dá ìró náà padà sórí rẹ̀, mo tilẹ̀ bò ó dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí mo rò pé ìrìnàjò ti rẹ̀ ẹ́. Àbẹ̀kẹ́ kí gbogbo Ṣakí. "Ní ti ọkọ mi…" Kpá!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo tún gbé e lọ sí Savalou. Alàgbà pààrọ̀ fúúsì, ó jó wáyà kan mọ́ra, a tún jókòó. Áńpílì tutù títí àwọn tó ń kọjá lọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá orin náà kọrin. Alàgbà wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó nílò àdúrà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Níbo lẹ ń gbé e sí nílé? Ṣé kì í ṣe lórí ààrò?"

"Orí tábìlì ni!"

"Ó dáa. Màá wá fi ojú ara mi rí i. Ọjọ́bọ̀ ni mo ráyè, bí a bá jáde nínú ìsìn."

Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, Ọjọ́bọ̀.

Ìyá Ṣakí ló kọ́kọ́ dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí zẹ́mì. Ìró aláwọ̀ ewé ẹlẹ́ja ló ró wá, tirẹ̀ tí òun àti Àbẹ̀kẹ́ jọ rà. Mo fẹ́ sáré wọlé lọ fa èkejì rẹ̀ kúrò lórí áńpílì, ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀ lé mi wọlé, ó ti fa àga, ó ti jókòó síwájú bààfù. Alàgbà náà wọlé pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀, láìwọ bàtà, ó sì rìn tààrà lọ síbi kuráǹ. Èmi ni mo ń gbọ̀n fún un. Ìyá Ràfíà ti gbé tábìlì rẹ̀ dé ìdí igi máńgòrò, òun fúnra rẹ̀ sì padà wá sójú fèrèsé. Ó ní bí iná bá ṣẹ́ yọ, ó yẹ kí ẹnì kan wà tó máa ké.

Mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Obìnrin tí ewúrẹ́ ń bẹ̀rù yẹn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Gbogbo ìkíni ló dáhùn, bó ṣe tọ́. "O kú ilé, Àbẹ̀kẹ́ mi. Wọ́n wà. Adé ti gbéyàwó. Orúnkún màmá ṣì ń dùn wọ́n." Nígbà tó kan ajá, ó ní, "Ajá yẹn ti kú o," ó rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún.

Alàgbà gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ áńpílì. "Ẹ̀hẹn. Ó ti ń gbóná."

Ẹ wá wo èmi. Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́ta bẹ irin yìí pé kó má kú, mo ń bẹ̀ ẹ́ báyìí nínú ikùn mi pé kó yára kú. Mo ń wo orí bààfù, mo ń wo ojú Ìyá Ṣakí. Kú, jọ̀ọ́, kú.

"Ó dáa. Ní ti ọkọ mi…"

Kpá!

Mo mí. Ó lè jẹ́ pé mo rẹ́rìn-ín pàápàá.

Ìsinmi náà kò pẹ́. Alàgbà gbé òdòdó oníke kúrò, ó fi ìka méjì gbé aṣọ abẹ́ rẹ̀. "Bàbá, kí lèyí?"

"Aṣọ eruku ni."

Ó gbọ̀n ọ́n. Aṣọ eruku náà ṣí ní ẹ̀ẹ̀kan, ó ṣí ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ń gùn sí i títí ẹja aláwọ̀ ewé fi tẹ́ dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Alàgbà kò tiẹ̀ wò ó. Àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí áńpílì ló ń nàka sí fún mi, ó ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ wá wò ó. Imú rẹ̀ rèé. Ibí ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ fi aṣọ ìlọ́po mẹ́rin dí i nímú, ẹ wá ní kó máa sọ̀rọ̀!"

"Mo rò pé aṣọ ń gba ooru kúrò ni."

"Bàbá, bí òtútù bá ń mú yín, kí lẹ máa ń fi bora?"

Ìyá Ṣakí ti dìde. Ó fa etí ìró tó wà nídìí rẹ̀, ó gbé e ti èyí tó wà lọ́wọ́ Alàgbà.

"Áà!" Ìyá Ràfíà ké láti ojú fèrèsé. "Wọ́n jọra!"

"Àna."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"O bá mi wá aṣọ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O gun àga."

"Mo gùn ún, Ẹ̀gbọ́n mi."

"O wo orí àjà."

"Mo wò ó dáadáa."

Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, mi ò bá wọ̀ ọ́ láìbọ́ bàtà. Alàgbà ni kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ti ń fi ọwọ́ tẹ áńpílì, ó ní, "Ó ti ń tutù. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ."

Mo fò dìde. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

"Nítorí kí ni? Ibi tó dúró sí kò kúrò níbẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Àbí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ti ń mú un ní gbogbo ìgbà?"

"Èèyàn kì í fo ìkíni, Alàgbà."

"Fún ọdún mẹ́ta?"

Kò sí ìgbà kankan nínú ọdún mẹ́ta tí mi ò lè jẹ́ kí ẹ̀rọ náà tutù, kí n tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, kí n gbọ́ ìyókù. Áńpílì ń kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń dá Àbẹ̀kẹ́ padà sórí ajá.

Ìyá Ṣakí ló tẹ bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀.

"…ara rẹ̀ le. Ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní n ó wá kí yín lẹ́yìn ìkórè kajú, ó ní ọ̀nà ò dáa. Ẹ má gbà á gbọ́. Ọ̀nà dáa. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó rò pé bí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, mi ò ní fẹ́ padà wá mọ́. Kò fẹnu sọ ọ́ o! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo di ẹrù mi, ó lọ jókòó lé báàgì náà lórí, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun." Ó rẹ́rìn-ín. Ó rín ẹ̀rín rẹ̀ yẹn tí mi ò gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ tó dùbúlẹ̀. "Ẹ má bínú sí i. Lọ́dún tó ń bọ̀, òun gan-an ni n ó mú dání wá, kó lè rí i pé ọ̀nà kì í jẹ èèyàn."

Ilẹ̀kùn kan dún nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn ọkùnrin kan wọlé: "Àbẹ̀kẹ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Adìẹ ni mò ń lé."

"Adìẹ wo?"

Ó tún rẹ́rìn-ín, kásẹ́ẹ̀tì sì dákẹ́. Ohùn ọkùnrin yẹn le, ó kún, ohùn ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Ìyá Ṣakí nu ojú. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e sókè sí mi lójú. "Ta ni wọ́n kọ lẹ́tà yìí sí?"

"Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó dì í mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Ó gba èkejì lọ́wọ́ Alàgbà, mo ti ń retí kó ká a sínú báàgì rẹ̀. Ó jù ú sí mi láyà. "Gbà. Fi bora. Má fi bo irin mọ́."

Ìyá Ràfíà tún na fóònù rẹ̀ wọlé láti ojú fèrèsé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi gba ohùn náà sílẹ̀ fún Tọ́ńtọ̀n. Ìyá Ṣakí wúkọ́. Fóònù náà jáde bó ṣe wọlé.

"Fóònù kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Àbẹ̀kẹ́, kó wá sí Ṣakí. Ẹ gbọ́ ohun tó wí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní áńpílì ní Ṣakí."

"Ìwọ náà ò ní?"

Báyìí ni mo ṣe di arìnrìn-àjò lọ́jọ́ ogbó. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo ń wọ̀, ní gbogbo ẹnubodè ni wọ́n ti ń bi mí ohun tí mo gbé dání, n ó ní áńpílì ni, wọn ó ní bóyá mò ń tà á, n ó ní rárá, mò ń gbé e lọ gbọ́ lẹ́tà ni, wọn ó wo ara wọn, wọn ó ní kí n máa lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ilé náà, mo kí gbogbo wọn lórúkọ láìsí ẹni tó fi wọ́n hàn mí. Mo bèèrè orúnkún ìyá alákàrà. Ó bi mí ta ló sọ fún mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ohun tí èèyàn bá fẹ́ràn, kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Bí ó bá bò ó ní ìlọ́po mẹ́rin, yóò gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò sì kú lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbọ́. Àti pé òótọ́ ni Àbẹ̀kẹ́ sọ, ọ̀nà Ṣakí dáa. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé ọkọ̀, kajú lọ́tùn-ún, iṣu lósì, kò sí kòtò kan tó ju orúnkún lọ. Àga fún ẹni méjì ni mo máa ń gbà báyìí, torí itan mi kò gba áńpílì mọ́. Mo jókòó síbì kan, irin jókòó síbi tó yẹ kó jẹ́ ti Àbẹ̀kẹ́. N ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, torí bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, àwọn èrò ọkọ̀ yóò bi mí pé kí ló ń ṣe mí.